Ọkọ̀ Ilé Ti Gbó: Ṣé Ti Oníná Ló Kàn?

Nígbà kan rí, bí ará ìjọ bá mú ọ̀rọ̀ ọkọ̀ wá sí ọ́fíìsì wa, àdúrà ló ń fẹ́. Ó lè jẹ́ pé ó ń retí kí Olúwa pèsè, ó sì lè jẹ́ pé ó ti rà á, kí a wá gbàdúrà sí i ní ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀. Láti ọdún 2023 ni nǹkan ti yí padà. Bébà tí wọ́n fi ṣe ìṣirò ni wọ́n ń mú dání báyìí. Wọ́n á ní, "Pásítọ̀, ẹ bá wa wò ó, mọ́tò yìí ti fẹ́ jẹ wá tán. Wọ́n ní èyí tó ń lo iná mànàmáná kì í mu epo rárá. Ṣé kí a tà á, ká fi ra ìyẹn?"

A kì í ṣe mẹkáníìkì. Ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì ni a lọ, wọn kò sì kọ́ wa ní ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó bá ti ń fa gbólóhùn asọ̀ láàrin ọkọ àti aya lórí owó oúnjẹ ti di ọ̀rọ̀ olùṣọ́-àgùntàn. Nítorí náà a bi àwọn awakọ̀ léèrè ní gáréèjì, a bá àwọn réwáyà jókòó, a sì fi bírò àti bébà ṣe ìṣirò fúnra wa. Ohun tí a rí ni a kọ sílẹ̀ yìí.

Gbogbo wa ni a mọ ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, ọjọ́ tí wọ́n búra fún Ààrẹ Bọ́lá Tinubu, ó kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ. Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, lítà epo bẹntiróòlù kan tí à ń rà ní nǹkan bí 190 náírà ti kọjá 480. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti tó 1,000 náírà tàbí kó lé. Àwọn àgbà wa rántí ọ̀wọ́n epo àwọn ọdún 1990, nígbà tí a máa ń sun ilé epo pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì lọ́wọ́. Nígbà yẹn, epo ni kò sí. Lọ́tẹ̀ yìí, epo wà nínú táńkì ilé epo, owó tí a ó fi rà á ni kò sí. A rí i nínú ìjọ pẹ̀lú. Àwọn tó ń ti Òṣíẹ̀lẹ̀ àti Odédá wá sí ẹ̀kọ́ Bíbélì ọjọ́rú dín kù, kì í ṣe pé wọ́n fà sẹ́yìn nínú ìgbàgbọ́, owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ló ju owó ọbẹ̀ lọ.

ILẸ̀ ÒṢÍẸ̀LẸ̀

Ẹ jẹ́ kí a sọ ti ìdílé kan, láìdárúkọ wọn. Arákùnrin náà ń fi Nissan ṣe takisí láàrin Kútọ̀ àti Ọ̀bàǹtokò. Ìyàwó rẹ̀ ń ta àdìrẹ ní Ìtokú. Ọkọ̀ náà ti gbó lóòótọ́, Tòkunbọ̀ ni nígbà tó rà á, kò sì ṣàìṣiṣẹ́ fún un. Ṣùgbọ́n láàárọ̀, kí ó tó gbé èrò kan ṣoṣo, ó gbọ́dọ̀ ti ra epo tó ju èrè ọjọ́ kejì rẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń gbé ní Lọ́ńdọ̀nù wá sọ fún un lórí fóònù pé òun ti ta ọkọ̀ tó ń lo dísù, òun ti ra oníná, àti pé kí òun náà ṣe bẹ́ẹ̀. Bí arákùnrin wa ṣe pinnu nìyẹn pé òun yóò ta púlọ́ọ̀tì ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní sí Òṣíẹ̀lẹ̀, òun yóò sì yá ìyókù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ìyàwó ló kọ́kọ́ wá bá wa. Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́ sà, ẹ bá mi bá Bàbá Tóyìn sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ yẹn la fẹ́ kọ́ yàrá méjì sí. Bí mọ́tò náà bá dé tí kò ṣiṣẹ́ ńkọ́?" Nígbà tí ọkọ náà dé, ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi kì í purọ́. Ó ní òun kì í dúró ní ilé epo mọ́."

Ẹ̀gbọ́n kò sì purọ́. Ohun tó yẹ kí a bi í ni ìdí tó fi ta èyí tó ní. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ọdún 2023, ìlú Lọ́ńdọ̀nù fẹ òfin afẹ́fẹ́ mímọ́ wọn, èyí tí wọ́n ń pè ní ULEZ, dé gbogbo àdúgbò ìlú náà. Ọkọ̀ dísù tó bá ti ṣáájú ọdún 2015, àti ọ̀pọ̀ ọkọ̀ bẹntiróòlù tó ṣáájú 2006, yóò san pọ́n-ùn 12 àti àbọ̀ lójoojúmọ́ tó bá jáde. Ẹni tó ń lọ síbi iṣẹ́ ní ọjọ́ márùn-ún láàrin ọ̀sẹ̀ yóò san pọ́n-ùn 62 àti àbọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ènìyàn wa tó wà níbẹ̀, tí wọ́n ń wa ọkọ̀ lọ síṣẹ́ alẹ́, ni òfin yìí mú. Ìlú náà sì fún ẹni tó bá kó ọkọ̀ àtijọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní owó ìrànwọ́ tó tó 2,000 pọ́n-ùn lórí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kan. Òfin lé e kúrò níbìkan, owó fà á lọ síbòmíràn, iná kì í sì í lọ nínú ilé rẹ̀. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló wà ní Ọ̀bàǹtokò?

Ohun kan tún wà tí arákùnrin wa kò rò. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun lè bá òun fi irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ láti Lọ́ńdọ̀nù. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì ọkọ̀ wọn wà. Láti ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 ni orílẹ̀-èdè wa ti kúrò ní wíwakọ̀ ní apá òsì títì bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì, ìdí sì nìyí tí Tòkunbọ̀ wa fi ń wá láti Bẹ́ljíọ̀mù, Jámánì àti Amẹ́ríkà, tí kì í wá láti Lọ́ńdọ̀nù.

BÍ Ó ṢE Ń ṢIṢẸ́

Kí a má baà fi àìmọ̀ dá nǹkan lẹ́bi, ọkọ̀ oníná kì í ṣe ohun ìdán, kì í sì í ṣe ohun tuntun bí a ti rò. Kí ọkọ̀ ojú irin tó ti Ìddó dé Abẹ́òkúta ní ìparí àwọn ọdún 1890, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ William Morrison ti ṣe ọkọ̀ tó ń lo bátìrì ní Amẹ́ríkà. Àwọn obìnrin ọlọ́rọ̀ ìlú ńlá fẹ́ràn rẹ̀ nítorí pé kò sí èéfín, kò sí ariwo, kò sì gba pé kí ènìyàn fi agbára yí irin níwájú kí ẹ́ńjìnnì tó jí. Ìgbà tí Charles Kettering ṣe ẹ̀rọ tó ń fi bátìrì kékeré jí ẹ́ńjìnnì, tí wọ́n fi sínú Cadillac ní ọdún 1912, tí epo sì pọ̀, ni ti bẹntiróòlù gba ojú títì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọgọ́rùn-ún ọdún kí ti bátìrì tó tún padà wá.

Bátìrì ńlá ló wà lábẹ́ ìjókòó, ó ń fún mọ́tọ̀ kan ní iná, mọ́tọ̀ náà ló ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀. Kò sí púlọ́ọ̀gì, kò sí sàléńsà, kò sí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ń pààrọ̀. Ohun kan tó dùn mọ́ wa nínú nítorí irú ìlú wa ni pé, bí ọkọ̀ náà bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, mọ́tọ̀ yẹn a di ẹ̀rọ amúnáwá, a sì máa dá díẹ̀ padà sínú bátìrì. Ẹni tó bá mọ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ìtòkò, tàbí bí búréèkì ṣe ń gbóná kí ènìyàn tó dé Láfẹ́ńwá, yóò mọ̀ pé èyí kì í ṣe ohun kékeré. Búréèkì irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń pẹ́ gan-an.

Yúníìtì iná la fi ń wọn oúnjẹ rẹ̀, bí èyí tí a ń rà sórí mítà ilé. Ọkọ̀ kékeré yóò jẹ nǹkan bí yúníìtì 20 láti rìn 100 kìlómítà, bí a bá ka èyí tó ń ṣòfò nígbà tí a ń fi iná sí i. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti Abẹ́òkúta dé Èkó. Ọkọ̀ bẹntiróòlù tó jọ ọ́ yóò mu nǹkan bí lítà 10 ní ọ̀nà kan náà. Ní ìparí ọdún 2024, lítà 10 jẹ́ 10,000 náírà. Yúníìtì 20 ńkọ́? Ó kù sí irú iná tí ẹ ní.

IRÚ INÁ WO LẸ NÍ?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a farabalẹ̀ síbẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná, NERC, gbé owó àwọn tí wọ́n wà ní ìpele kìíní, èyí tí à ń pè ní Band A, láti nǹkan bí 68 náírà sí 225 náírà lórí yúníìtì kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì wà ní nǹkan bí 209 láàrin ọdún náà. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 fún lójúmọ́. Fún ẹni tó wà lórí irú wáyà bẹ́ẹ̀ ní Abẹ́òkúta, yúníìtì 20 jẹ́ nǹkan bí 4,200 náírà. Ó dín sí ìdajì owó epo. Ìyẹn dára.

Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló wà ní Band A? Ẹni tó wà ní ìpele ìsàlẹ̀ ń san owó tó kéré sí i, iná rẹ̀ ni kò dé. Ihò iná lásán tí a ń ki áyọ́ọ̀nù sí lára ògiri kò lè fún ọkọ̀ ju yúníìtì 2 sí 3 lọ láàrin wákàtí kan. Takisí tó rin 150 kìlómítà láàárọ̀ dé alẹ́ yóò nílò 30 yúníìtì kó tó lè tún jáde, ìyẹn wákàtí 10 sí 15 láìdáwọ́ dúró. Bí iná bá dé ní aago mọ́kànlá òru tó sì lọ ní aago mẹ́ta, ẹni náà yóò jáde pẹ̀lú ohun tí kò lè gbé e rìn ju nǹkan bí 50 kìlómítà lọ. Ní ọdún 2024 nìkan, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ tí gbogbo ẹ̀rọ iná ìjọba àpapọ̀ dákẹ́ ní ọjọ́ kan ṣoṣo, tí òkùnkùn bo orílẹ̀-èdè.

Arákùnrin wa ní òun ní jẹnẹrétọ̀. A rẹ́rìn-ín díẹ̀, a sì ṣe ìṣirò náà lójú rẹ̀. Lítà epo kan nínú jẹnẹrétọ̀ kékeré kì í mú ju yúníìtì 2 sí 3 jáde. Yúníìtì 20 yóò jẹ nǹkan bí lítà 8. Lítà 10 ni Nissan rẹ̀ ń mu ní ọ̀nà kan náà! Ṣé ìtorí lítà méjì ni a ó ṣe ta ilẹ̀ àwọn ọmọ? Ìyàwó rẹ̀ wo ojú rẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Obìnrin ọlọ́gbọ́n ni.

Sólà ńkọ́? Ó ṣeé ṣe, a sì mọyì rẹ̀. Páálí mẹ́wàá nínú àwọn ńlá tó ń mú 550 wáàtì jáde lè kó nǹkan bí yúníìtì 20 jọ ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa. Ní oṣù keje, tí òjò bá ṣú sórí Olúmọ fún ọjọ́ mẹ́ta, yóò dín kù púpọ̀. Àbùkù mìíràn tó wà níbẹ̀ fún awakọ̀ takisí ni pé ọ̀sán ni oòrùn ń ràn, ọ̀sán náà ni ọkọ̀ rẹ̀ wà ní títì. Á nílò bátìrì mìíràn nínú ilé láti tọ́jú iná ọ̀sán di alẹ́, owó rẹ̀ kò sì kéré. Ẹni tí sólà yìí bá lára mu jù ni ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ń wà nílé lọ́sàn-án: ẹni tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà ilé rẹ̀, tàbí ilé iṣẹ́ tó ní páálí lórí òrùlé, tí òṣìṣẹ́ á gbé ọkọ̀ sábẹ́ rẹ̀ láti aago mẹ́jọ dé mẹ́rin. Ní oṣù kẹrin ọdún 2021, àjọ NADDC ti ìjọba àpapọ̀ gbé irú ibùdó oníòòrùn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ ní Yunifásítì Usmanu Danfodiyo ní Ṣókótó. Ìlú oòrùn ni Ṣókótó, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ ni wọ́n gbé e sí, níbi tí ọkọ̀ ti ń dúró.

OWÓ ỌKỌ̀ FÚNRA RẸ̀

Ní oṣù kejì ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Stallion gbé Hyundai Kona oníná jáde ní Èkó. Mílíọ̀nù 24 náírà ni wọ́n dá lé e, wọ́n ní yóò rin 482 kìlómítà kó tó tún nílò iná. Ìyẹn ṣáájú kí náírà tó ṣubú ní oṣù kẹfà ọdún 2023. Dọ́là tó wà ní nǹkan bí 460 náírà nígbà náà kọjá 1,500 ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun mú owó orí ọjà VAT kúrò lórí ọkọ̀ oníná àti àwọn irinṣẹ́ gáàsì CNG. Inú wa dùn sí i, ṣùgbọ́n ìdínkù VAT kò lè bo ohun tí dọ́là ti ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a fi ti takisí wò ó. Bí ó bá ń rin 150 kìlómítà lójúmọ́, epo rẹ̀ jẹ́ 15,000 náírà ní iye ìparí ọdún 2024. Iná Band A yóò jẹ́ nǹkan bí 6,300. Ó fi 8,700 ṣèfà. Bí ó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, ó ku díẹ̀ kí èrè ọdún kan pé mílíọ̀nù 3 náírà. Ó pọ̀! Ṣùgbọ́n ẹ fi wé mílíọ̀nù 24 àtijọ́ yẹn, kí ẹ sì fi èlé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kún un. Ọdún mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni, bí iná kò bá já a kulẹ̀, tí ìjàǹbá kò sì ṣẹlẹ̀. Olúwa wa sọ nípa ẹni tó fẹ́ kọ́ ilé-ìṣọ́, pé ó yẹ kó kọ́kọ́ jókòó ṣírò iye tí yóò ná an (Luku 14:28). A kò rò pé inú Olúwa bàjẹ́ sí ẹni tó bá fi ìṣirò kọ́kọ́ yẹ ẹ̀rọ tuntun wò.

Nípa ti olùkọ́ tó ń gbé ní Àsẹ́rò, tí kò rìn ju 20 kìlómítà lọ lóòjọ́, èrè rẹ̀ kò tó 30,000 náírà lóṣù. Ọkọ̀ tí kò rìn púpọ̀ kò lè fi ìyàtọ̀ owó epo san owó ara rẹ̀. A ní láti sọ èyí fún ìgbìmọ̀ àwọn alàgbà wa pẹ̀lú, nítorí pé àwọn kan nínú wọn ti ń sọ pé kí ìjọ ta bọ́ọ̀sì Hiace wa, kí a dá owó fún oníná kí orúkọ wa lè yọ. Bọ́ọ̀sì yẹn kì í rìn ju 60 kìlómítà lọ lọ́sẹ̀, ọjọ́ ìsinmi àti ọjọ́rú nìkan. Epo rẹ̀ kò pé 400,000 náírà láàrin ọdún kan. Ẹ̀mí tó fẹ́ kí orúkọ yọ kì í bá bírò dọ́rẹ̀ẹ́. A tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, a pààrọ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ṣì ń kó àwọn ará wa láti Odédá.

GÁÀSÌ TÓ DÉ SÁÀRIN

Nígbà tí a ń wádìí ti iná, gáàsì CNG ló wá já lu ọ̀rọ̀ wa, ó sì yẹ kí a fún un ní àyè. Gáàsì tí ń jáde láti inú ilẹ̀ wa ni, tí wọ́n fún pọ̀ gidigidi sínú sílíńdà líle. Ní ọdún 2023, ìjọba àpapọ̀ dá ètò Pi-CNG sílẹ̀ láti yí ọkọ̀ padà sí i, ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó bọ́ọ̀sì tó ń lò ó sí títì Abẹ́òkúta. Wọn kì í yọ ẹ́ńjìnnì. Sílíńdà ni wọ́n ń gbé sí búútù, wọ́n á so páìpù mọ́ ẹ́ńjìnnì, awakọ̀ sì lè yàn bóyá epo ni yóò lò tàbí gáàsì. Ní ọdún 2024, 230 náírà ni wọ́n ń ta ìwọ̀n kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iṣẹ́ lítà epo kan. Iye yẹn kì í dúró sójú kan, kò sí ohun tó ń dúró sójú kan ní ìlú wa. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó: 150 kìlómítà tí epo ń jẹ 15,000 fún, gáàsì ṣe é ní nǹkan bí 3,500. Ó tiẹ̀ dín sí owó iná Band A, kò sì sí pé a ń ra ọkọ̀ mìíràn. Àwọn tó ń kó símẹ́ǹtì mọ̀ bẹ́ẹ̀: Dangote tó ní ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ní Ìbèṣè ní ilẹ̀ Yewa kéde 4,000 ọkọ̀ akẹ́rù oní-CNG ní ọdún 2025 láti máa fi pín epo kiri.

Ìṣòro rẹ̀ ni pé ibùdó gáàsì kò pọ̀, ìlà sì lè gùn débi tí awakọ̀ yóò fi pàdánù èrò òwúrọ̀. Èkejì ni ẹ̀mí. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, sílíńdà ọkọ̀ kan bú gbàù ní ibùdó gáàsì kan ní Benin City, àwọn ènìyàn sì fara pa. Ohun tí àwọn aláṣẹ sọ lẹ́yìn náà ni pé sílíńdà náà kì í ṣe ojúlówó, wọ́n ti fi iná jó o mọ́ra. Nítorí náà, ẹ̀yin ará, ẹ má gba wẹ́dà àdúgbò láyè nínú ọ̀rọ̀ yìí, bó ti wù kí ó jẹ́ ọmọ ìjọ tó. Ibi tí wọ́n fọwọ́ sí ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì béèrè ìwé ẹ̀rí sílíńdà náà.

Ibẹ̀ ni arákùnrin wa dé sí. Ìjọba ní ètò kan fún ọkọ̀ akérò tí wọ́n fi ń yí wọn padà láìgba owó, ó fi orúkọ sílẹ̀ nípasẹ̀ ẹgbẹ́ awakọ̀, ó dúró fún ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ṣe é fún un. Ilẹ̀ Òṣíẹ̀lẹ̀ ṣì wà. Ìyàwó rẹ̀ ti kó ìyanrìn sí i.

TI ALÙPÙPÙ YÀTỌ̀

A kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé a ń bá iná jà. Ibi tí ó ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní àgbègbè wa kò jìnnà sí wa. Bí ẹ bá ti Ìdírọ́kọ̀ kọjá lọ sí Kútọ̀nù, ẹ ó rí àwọn ọlọ́kadà wọn, tí wọ́n ń pè ní zémíjàǹ, tí ọ̀pọ̀ ń gun alùpùpù oníná. Láti ọdún 2022 ni ilé iṣẹ́ tí à ń pè ní Spiro báyìí ti bẹ̀rẹ̀ ní Benin àti Tógò. Àdììtú ibẹ̀ ni pé ọlọ́kadà kì í dúró kí bátìrì gba iná. Yóò dé ibùdó, yóò yọ èyí tó ti rọ̀, wọ́n á fún un ní èyí tó kún, ìṣẹ́jú díẹ̀ ó ti lọ. Ọ̀rọ̀ iná tó ń lọ tó ń bọ̀ di ti ilé iṣẹ́, kì í ṣe tirẹ̀.

Ẹ sì wo bí ayé ṣe so kọ́ra. Epo inú ìgò tí wọ́n ń tà lẹ́bàá ọ̀nà ní Kútọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní kpayo, epo fàyàwọ́ láti ọ̀dọ̀ wa ni. Nígbà tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ níbí ní ọdún 2023, owó kpayo di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ díẹ̀. Ìkéde tí wọ́n ṣe ní Àbújá ló sọ ọ́ di dandan fún ọlọ́kadà ìlú Benin láti ro ti bátìrì. Ilé iṣẹ́ kan náà ti bá ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe àdéhùn, alùpùpù wọn sì ti wọ ìlú wa. Fún àwọn ọ̀dọ́ wa tó ń gun ọ̀kadà, èyí ni a rò pé ó bọ́gbọ́n mu jù nínú gbogbo ohun oníná tó wà nílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ka ìwé àdéhùn dáadáa kí wọ́n tó fọwọ́ sí i: ta ló ni bátìrì, èló ni pàṣípààrọ̀ kan, kí ni yóò ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ara wọn kò bá yá tí wọn kò lè san owó?

BÍ Ẹ BÁ ṢÌ FẸ́ RÀ Á

Àwọn kan nínú wa lágbára rẹ̀, iná wọn dára, wọ́n sì ní sólà. Fún irú wọn, kò sí ìdí tí wọn kò fi ní rà á. Tòkunbọ̀ oníná ti ń wọlé báyìí, ibẹ̀ sì ni ọ̀fìn wà. Kì í ṣe máìlì tí ọkọ̀ ti rìn ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, bátìrì ni. Nissan Leaf àkọ́kọ́ tó jáde ní ìparí ọdún 2010 lè rin nǹkan bí 117 kìlómítà nígbà tó wà ní tuntun. Afẹ́fẹ́ lásán ló ń tu bátìrì rẹ̀ lára, ooru sì ń bà á jẹ́: àwọn tó rà á ní Arizona ní Amẹ́ríkà, ìlú tó gbóná, figbe ta ní ọdún 2012. Àwa náà mọ ooru. Lójú dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀, ẹ ó rí ìlà kéékèèké 12 lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdiwọ̀n iná. Bí mẹ́jọ bá ló kù, a jẹ́ pé bátìrì náà ti sọ nǹkan bí ìdámẹ́ta agbára rẹ̀ nù. Arákùnrin kan tí a mọ̀ kò wò ó. Ẹni tó ta ọkọ̀ náà fún un ní Èkó ní ó ń rin 150 kìlómítà, ó sì dákẹ́ sórí rẹ̀ lójú ọ̀nà Sango, kò tíì dé Ìfọ̀. Towing ló gbé e wọlé.

Bí iná yín kò bá dúró, ẹ lè wo àwọn Toyota tó ní ẹ́ńjìnnì àti bátìrì pọ̀, bíi Prius àti Camry hybrid. Wọn kò nílò kí a ki wáyà bọ̀ wọ́n, epo tí wọ́n ń mu sì kéré gan-an nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Ẹ bi wọ́n léèrè ọjọ́ orí bátìrì tiwọn náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọṣẹ́ mẹkáníìkì ló ń jẹ wá lọ́kàn jù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ wa ló wà ní ẹnu iṣẹ́ yìí láti Láfẹ́ńwá títí dé Pánṣẹ́kẹ́. Ní Nọ́wè, nǹkan bí 89 nínú ọgọ́rùn-ún ọkọ̀ tuntun tí wọ́n rà ní ọdún 2024 ló jẹ́ oníná. Ethiopia, ilẹ̀ Áfíríkà bíi tiwa, ti fòfin de kíkó ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí kì í ṣe oníná wọlé láti ọdún 2024. Ohun tó ń kúrò níbẹ̀ ni yóò máa wọ̀dọ̀ wa bíi Tòkunbọ̀, bó pẹ́ bó yá. Ní Màídúgùri, Mustapha Gajibo, ọ̀dọ́mọkùnrin tó fi yunifásítì sílẹ̀, ti ń yọ ẹ́ńjìnnì bẹntiróòlù kúrò nínú bọ́ọ̀sì kéékèèké láti bí ọdún 2021, ó sì ń fi mọ́tọ̀ àti bátìrì rọ́pò rẹ̀. Réwáyà tó ti mọ wáyà sólà àti íńfátà ti mọ ìlàjì iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n iná inú bátìrì ọkọ̀ wọ̀nyí ju ti ilé lọ fíìfíì, ó lè pa ènìyàn lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ìgboyà tú u láìkọ́.

Ẹ̀ka àwọn ọkùnrin ti ń gbèrò láti pe réwáyà kan tó mọ iṣẹ́ yìí wá bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ sátidé kan lẹ́yìn ìkórè. Ẹni tó bá ti yí ọkọ̀ rẹ̀ padà sí gáàsì, tàbí tó ti ra oníná ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá yìí, kí ó jọ̀wọ́ kọ ohun tó ná an lóṣooṣù ránṣẹ́ sí olóòtú, kí ó fi ti mítà iná rẹ̀ kún un.